Àyẹ̀wò asbestos tí mo sanwó ẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin, ẹ gbọ́ ìdí tí ò fi pé márùn-ún

Ẹni tó bá ní ilé àtijọ́ tó fẹ́ tú sílíìnì tàbí fọ́ ògiri, ẹ dúró ná, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbé hámà. Mo gba àwọn tó ń yẹ ilé wò fún asbestos, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí wọ́n ń fi kọ́lé láyé àtijọ́, tí eruku ẹ̀ ń pani, mi ò ní dárúkọ wọn.

Ẹni tó wá mọṣẹ́, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ìbòmú P100 ló wọ̀, kì í ṣe pẹlẹbẹ bébà táwọn bíríkìlà ń so mọ́mú yẹn o, ìyẹn ò lè dá asbestos dúró. Ó wọ́n omi síbi tó fẹ́ gé kí eruku má gbéra, ó bù ú níwọ̀nba, ó dì í sínú ọ̀rá méjì, ó lẹ ojú ibẹ̀ pa, ó wá fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí tó mú ìgbálẹ̀, ẹ ní kó máa lọ ilé ẹ̀ jàre.

Èsì dé. Sílíìnì ní chrysotile, ìyẹn asbestos funfun, kò yà mí lẹ́nu. Ti nǹkan tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló mú mi dúró: wọ́n ní asbestos inú ẹ̀ kò tó 1%, torí náà ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé ògiri ò lásbestos. Háà! 1% yẹn, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1973 ló ti wá, kì í ṣe pé wọ́n wo ìlera èèyàn kí wọ́n tó fà á, EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀ tó ṣòfin náà, ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn nǹkan yìí ò ní yára sùn lé irú ààlà bẹ́ẹ̀. Láti 1924 làwọn dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn ní Ìlú Ọba pé eruku asbestos pa obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Rochdale. Ní 1935, Sumner Simpson tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ asbestos Raybestos-Manhattan kọ lẹ́tà sí lọ́yà Johns-Manville, ilé iṣẹ́ asbestos mìíràn, pé bẹ́nu wọn bá ṣe dákẹ́ tó lórí ọ̀rọ̀ asbestos ló máa dáa fún wọn tó, àwọn ọdún 1970 ni lẹ́tà yẹn tó jáde síta. Láàárín ìgbà yẹn wọ́n tiẹ̀ fi asbestos aláwọ̀ búlúù ṣe fíltà sìgá Kent, 1952 sí 1956, wọ́n tún ń polówó ẹ̀ pé ó ń dáàbò bo ìlera! Ti páúdà tálíkì ńkọ́? Ní 1976, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara àti páúdà ní Amẹ́ríkà ló fúnra wọn yan ọ̀nà tí wọ́n á fi máa yẹ páúdà ara wọn wò bóyá asbestos wà nínú ẹ̀, ọ̀nà tójú ẹ̀ ò tó ohun tó bá kéré sí nǹkan bíi 0.5%. Ẹni a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo pe àwọn tó ṣàyẹ̀wò, mo ní máíkírósíkópù wo lẹ lò? Wọ́n ní èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀, ìyẹn kì í sábà rí fọ́nrán tó bá tín-ín-rín gan-an. Mo ní kí wọ́n fi ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tún un wò, wọn ò bá mi jà, wọ́n ṣe é, asbestos wà nínú ògiri. Mi ò lu ògiri náà mọ́, wọ́n kùn ún pa. Mesothelioma, jẹjẹrẹ tí asbestos ń fà, lè lò tó 20 sí 50 ọdún kó tó yọjú, ta ni màá wá bá jà nígbà yẹn?

Wọ́n tún ní àwọn lè bá mi kó ti sílíìnì dànù, káwọn náà sì yẹ afẹ́fẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní rárá o. Ẹni tó kó o kọ́ ló máa sọ fún mi pé ó ti tán, ilé àyẹ̀wò mìíràn tí wọn ò bára wọn tan ni mo gbà fún ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin. Ìkarùn-ún ń bẹ lọ́wọ́ mi títí wọ́n á fi gbé ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò àti ibi tójú ẹ̀rọ wọn mọ kúrò nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé, wá sí ojú ìwé àkọ́kọ́.