Ìwé Mẹ́rin Láàárín Ọjọ́ Méje: Èwo Lẹ Ó Rà, Èwo Lẹ Ó Yá Kà?

Ọjọ́ Àtìní ni wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, ọ̀sẹ̀ sì yí po kó tó dé. Fóònù kú, tẹlifíṣọ̀n di ibi tí à ń sá tówẹ̀lì sí. Ìwé mẹ́rin wà nílẹ̀ tí mo ti ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan ní agbègbè Post Office láti ọdún Iléyá, tí mi ò tíì ṣí ìkankan nínú wọn. Mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Bí ìwé ṣe wọ́n tó lóde báyìí, ẹni tó bá dúró níwájú àtẹ lè má ní ju owó ẹyọ kan lọ́wọ́. Nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi wọ́n wé ara wọn.

Èrò tèmi rèé: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ ra àlòkù, tàbí kí ẹ yá a. Ìtàn ìdílé Vietnam, ẹ tọ́jú owó kí ẹ ra ojúlówó. Ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè mìíràn, ẹ wo orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì

Àkọ́kọ́ ni The Day of the Jackal, tí Frederick Forsyth gbé jáde ní 1971. Àwọn àgbà tó gbọ́ rédíò nígbà ogun Biafra lè rántí orúkọ rẹ̀, torí ó wá síbí wá kó ìròyìn ogun náà. Ẹnì kan ni wọ́n háyà nínú ìwé yìí pé kó lọ pa de Gaulle, ààrẹ Faransé, ní 1963. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò rí i pa; inú ilé rẹ̀ ni de Gaulle kú sí ní 1970. Síbẹ̀ àyà ẹni ń já. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ni adùn rẹ̀: bí a ṣe ń gba ìwé ìrìnnà pẹ̀lú orúkọ òkú, bí a ṣe ń rọ ìbọn tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Ó dà bí kéèyàn jókòó ti télọ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni yóò dà níkẹyìn, ẹ ò sì lè dìde.

Ìkejì ni The Devotion of Suspect X, ti Keigo Higashino, ará Japan, tó kọ́kọ́ jáde ní èdè wọn ní 2005. Kò pẹ́ rárá tí ẹ ó ti mọ apànìyàn. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ló pa ọkọ àtijọ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Olùkọ́ ìṣirò tó ń gbé yàrá kejì gbọ́ ariwo, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní òun á bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tó gbà bò ó ni ẹ ò ní mọ̀ títí ìwé fi fẹ́ parí. Ẹni tó bá ti bá Lápàdé sáré nínú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, lè kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan yìí tutù jù. Kò sẹ́ni tó ń sáré, kò sẹ́ni tó ń ṣépè. Ẹ ní sùúrù.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, Higashino ni. Forsyth kún fún orúkọ ọ́fíìsì Faransé níbẹ̀rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ á sùn lé e lórí.

Ẹ̀dà Forsyth tèmi tún fi ojú mi rí nǹkan. Òru Àtàláátà ni, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, mo parí ojú ewé 240, mo ṣí i, 225 ni mo bá. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo tún un ṣí. Ìdìpọ̀ kan náà ni wọ́n dì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì parí, 257 ló kàn. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ti bá omi lọ, níbi tí ọlọ́pàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọkùnrin náà! Mo gbé e padà lọ bá Àfáà tó tà á fún mi. "Àfáà, ẹ wò ó, ewé ò pé." Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ka èyí tó kù, ó máa yé yín."

Ayédèrú ni, mi ò sì mọ̀ nígbà tí mò ń rà á, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán ju ti ojúlówó lọ. Ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò tú ìwé náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ máa wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé. Ìṣẹ́jú kan kò ní gbà. Ẹ wo ewé tó kẹ́yìn bóyá gbólóhùn ibẹ̀ parí. Bí yíǹkì bá ṣókùnkùn lójú ewé kan tó sì ṣá lójú ewé kejì, ẹ gbé e sílẹ̀. Àlòkù tó ti gbó, tí ẹnì kan kọ orúkọ sí níwájú, sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Lọ́dọ̀ ẹni tí mo ti ń rà, owó ojúlówó tuntun kan á gba àlòkù mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ téèyàn ti mọ àṣírí inú rẹ̀ tán, ta ló tún fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì?

Ìdílé Vietnam

Ibí gan-an ni ọ̀sẹ̀ náà ti dùn. The Mountains Sing, ti Nguyễn Phan Quế Mai, jáde ní 2020. Àwọn tó ń tàwé a máa kó o mọ́ ìwé tí wọ́n túmọ̀, irọ́ ni. Ọmọ Vietnam ni obìnrin yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá ń wá a lórí àtẹ, lábẹ́ N ni kí ẹ wò, torí orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá àgbà kan, Diệu Lan, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Hương, ni ìtàn náà dá lé. Àdó olóró Amẹ́ríkà ń bọ́ sórí Hà Nội, olú-ìlú àríwá Vietnam, ní 1972. Ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ dókítà, ti wá ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Ìyá àgbà sì ń sọ tirẹ̀ fún un: ìyàn ńlá ti 1945, àti ọdún 1950 sí òkè nígbà tí ìjọba àríwá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí ẹni tó lóko di ọ̀tá ìlú. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ sá lóru. Ebi dé, ó sì ń fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, lọ́wọ́ ẹni tó bá lè fún wọn lóúnjẹ. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo jáde lọ dúró sí ìta gbangba díẹ̀.

Ibì kan tún pa mí lẹ́rìn-ín. Diệu Lan fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó bọ́ sí òwò, làwọn aládùúgbò bá ń fi ojú àìdáa wò ó. Kí wọ́n wá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ìpàta, kí wọ́n wo ohun tí àwọn Àláájà máa fi fọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí èdè wọn. Ohùn mẹ́ta la ní, mẹ́fà ni tiwọn, wọ́n sì ń fi àmì sí i lórí bíi tiwa. Ma lọ́dọ̀ wọn jẹ́ iwin, mà jẹ́ "ṣùgbọ́n", mả jẹ́ sàréè, mã jẹ́ ẹṣin. Ẹni tó bá mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀ ti mọ ohun tí mò ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àgbà: wọn kì í dédé pe ènìyàn ní "ìwọ". Em ni àbúrò, anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. A gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ra ojúlówó: mo ti rí ayédèrú tó sọ gbogbo àmì yìí di àpótí kéékèèké, orúkọ ọmọ di ohun tí ẹnu kò lè pè. Ìwé tí ẹ ó fún ẹlòmíràn kà ni, ó yẹ kó pẹ́ nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ Vietnam pẹ̀lú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, The Sympathizer ti Viet Thanh Nguyen wà, tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2016. Amí olójú méjì ló ń sọ ọ́, láti ìgbà tí Saigon, olú-ìlú gúúsù Vietnam, ṣubú ní 1975. Ó mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kò ní ìyá àgbà.

Èyí tí wọ́n túmọ̀

The Vegetarian ti Han Kang, ará South Korea, kò tó igba ojú ewé, mo sì kà á tán lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo. Obìnrin kan lálàá, ó ní òun kò jẹran mọ́. Níbi tí ẹbí ti ń jẹun pọ̀, bàbá rẹ̀ gbá a létí, ó sì ń fi tipátipá ki ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò wù mí kí ọmọdé ka ìyókù. Deborah Smith ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016 ó gba ẹ̀bùn Booker ti àgbáyé, wọ́n sì pín £50,000 náà lọ́gbọọgba láàárín ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ní 2024 ni Han Kang gba Nobel. Àwọn ará Korea kan fapá jánú pé Smith fi iyọ̀ tirẹ̀ sí ọbẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà rántí Fágúnwà: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938 dọ́wọ́ Ṣóyínká ní 1968, igbó irúnmalẹ̀ sì di The Forest of a Thousand Daemons. Ta ló ka ẹgbẹ̀rún? Ó dùn lọ́nà tirẹ̀ náà ni. Ìwé tí wọn ò bá kọ orúkọ olùtúmọ̀ sí níbikíbi, mi ò ní fi owó mi rà á.

Higashino ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Forsyth ṣì ń wá ojú ewé 241 sí 256. Ti Vietnam ni mo gbé lọ fún ìyá mi ní Òmù-Àrán. Wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àbúrò mi ló ń kà á sí wọn létí, tó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Wọ́n pè mí lánàá. "Ọmọ tí obìnrin yẹn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́, ṣé ó padà rí i?" Mo ní kí wọ́n máa gbọ́ ọ lọ. Wọ́n ní ọmọ yìí ti sùn, pé ṣé èmi náà ò lè sọ ọ́ fún àwọn ni?