Olùṣètò ìnáwó tó bá wa ṣe àádọ́rin ọdún Màmá n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá ó yẹ ká san owó tá a san fún olùṣètò ìnáwó, ó yẹ dáadáa. Mi ò ní dárúkọ obìnrin náà torí mo fẹ́ sọ ibi tó kù sí pẹ̀lú.

Ìpàdé tá a kọ́kọ́ ṣe, kó tó béèrè iye tó wà nílẹ̀, ó ní ká yan ẹnì kan péré nínú ẹbí tí òun á máa gbàṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó dun àwọn ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ló gbà wá. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti fọkàn sí Gbọ̀ngàn Mápó, ilé ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 yẹn. Àwọn àbúrò ń fẹ́ ibi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Obìnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn bi wá pé àwọn ìyá àgbà mélòó ló ń bọ̀ tí orúnkún ń dùn, ta ni yóò mú wọn gun Òkè Mápó, níbo sì ni ọkọ̀ máa dúró sí lẹ́bàá Ọjà'ba lọ́jọ́ Sátidé? Bá a ṣe gba gbọ̀ngàn ní Ring Road nìyẹn. Kó tó jẹ́ ká sanwó, ó béèrè bóyá epo jẹnẹrétọ̀ wà nínú owó náà, àti iye tí wọ́n máa gbà tá a bá kọjá àkókò.

Ó mọ ti aṣọ òkè náà. Ọjọ́ ọjà Ọjẹ́ kì í ṣe ojoojúmọ́, nítorí náà ó ka ọjọ́ ọjà sẹ́yìn láti ọjọ́ ìnáwó, ó sì sọ èyí tá a gbọ́dọ̀ lọ kí télọ̀ lè ráyè.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ dáadáa. N'Ìbàdàn, ẹni tí àmàlà ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lóde kì í gbàgbé. Ọ̀pọ̀ alásè máa ń rò ó tán láàárọ̀, wọ́n á kó o sínú kúlà, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti le. Obìnrin yìí ní kí wọ́n gbé ààrò sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa rò ó díẹ̀díẹ̀. Mo lọ wò ó fúnra mi: Ìyá aláàmàlà ń fi omorogùn rò ó nínú ìkòkò, ọmọbìnrin kan dúró tì í, ó ń fi ọ̀rá wé e lókọ̀ọ̀kan, gbẹ̀gìrì àti ewédú wà lórí iná kékeré. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ẹnì kan tó ń gbé oúnjẹ fún un, ẹni yẹn ò sì gbọdọ̀ lọ síbòmíràn àfi tí tábìlì ẹ̀ bá jẹun tán. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àlejò 300 la pè, ó sì ya tábìlì sọ́tọ̀ fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà, torí wọ́n á wá, èèyàn ò sì lè lé wọn lọ́jọ́ ayọ̀. Onílù, awakọ̀ àti ayàwòrán ti jẹun kí àlejò tó dé.

Ibi tó kù sí: ẹni tó mú wá láti ṣe ọ̀ṣọ́ pẹ́ dé. Àwọn àgbà ti ń jókòó, àkàbà ṣì wà láàárín gbọ̀ngàn. Inú bí mi gan-an. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ kí gbogbo ohun mímu wá láti ọwọ́ ẹni tó máa ń tà fún un, iye ẹ̀ sì ju ti ọjà Dùgbẹ̀ lọ. A kọ̀, a rà á fúnra wa, kò bínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba olùṣètò, ẹ ní kó kọ iye nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó má kàn sọ gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn tó máa bá a ṣiṣẹ́, torí iṣẹ́ tiwọn lẹ máa rí lọ́jọ́ náà.

Owó ìdúró tí gbọ̀ngàn gbà lọ́wọ́ wa nítorí ohun tó bá bàjẹ́, obìnrin náà ló lọ bá wa gbà á. Ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìṣírò ohun tó ná àti ṣéńjì tó kù, kò jẹ́ ká bèèrè.