Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọpọlọ láti Ògbómọ̀ṣọ́: ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáa. Ẹni tí orí ń fọ́ láràárọ̀ tó sì ń bì, tàbí tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lágbà, lè rí dókítà ní ọsibítù ìkọ́ni LAUTECH tàbí ti Bowen láì jáde nílùú. Àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ fi ń sanwó àwòrán inú orí, wọn a sì máa sún un síwájú títí kókó inú ọpọlọ yóò fi tóbi. Ẹ gba àwòrán náà sínú CD, kì í ṣe èsì orí ìwé nìkan, kí wọ́n má baà ní kí ẹ tún un yà.

Ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí wọ́n fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ, ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn, ló ń náni lówó àti lágbára jù. Fún glioblastoma, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le gan-an, ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà 30: ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀nà tó nǹkan bí kìlómítà 100 kò ṣeé máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wá ilé ẹbí tàbí yàrá sí Ìbàdàn, torí pípa ọjọ́ jẹ ń fún àrùn láyè.

Èyí tó dùn wá jù ni ti dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú inú ọpọlọ kù. Ara á fúyẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ẹlòmíì á rò pé ó ti tán, wọ́n á jókòó sílé. Wíwú ló dín kù o, kókó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sì dá oògùn náà dúró lójijì.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìwádìí fi hàn pé ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọpọlọ tó sì ní adójútòfò ìlera ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kò ní lọ. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan nílẹ̀ wa. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ó ń san owó iṣẹ́ abẹ orí àti ti ìtànṣán.