Ìsọ̀ aládìrẹ kan ní Ìtòkú: aró wọn mú, ìdí owó ló kù

Aránṣọ ni mí l'Abẹ́òkúta. Ìsọ̀ ìdílé kan ní Ìtòkú ni mo ti ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, fún àwọn oníbàárà mi, aró wọn kì í sì í jáde lára aṣọ.

Ìyá àgbà ilé náà ló fa èyí. Ojú wọn ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ sínú aró, tí wọ́n ń fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí tí yóò fi kúrò ní àwọ̀ ewé, tí yóò dúdú, kí wọ́n tó tún un rẹ. Èyí tí kò bá mu aró dáadáa kò ní dé orí àtẹ, torí orúkọ ìyá tó bí wọn ni ọjà fi ń pe ìsọ̀ náà. Ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń wá láti Ṣáínà, kún ọjà, ó sì ń yá tà. Ìyá kọ̀ ọ́. Owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn gan-an ló ń mú mi padà. Àbúrò wọn tó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sára aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, síbẹ̀ wọn ò dá owó rẹ̀ dúró. Ó wú mi lórí gidigidi.

Ìdí owó, níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ni mi ò fara mọ́. Bọ̀ọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó mọ iye ọ̀pá tí agbádá ń gbà, ó mọ aṣọ tó wà nílẹ̀, àmọ́ kò lè dá iye lé ohunkóhun, torí kì í ṣe ọmọ ilé. Ọmọ-ọmọ Ìyá ló ń gbowó, fóònù ló sì ń tẹ̀. Aṣọ ọnà Olókun ni mo ní kó dì fún mi, Ìbàdàndùn ló dì. Ìyá fúnra wọn ló bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, ọmọ wa ni." Ọmọ náà ṣì wà lórí àga yẹn.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n ti ìsọ̀ pa, aṣọ ìyàwó tí mo ti san àsansílẹ̀ lé lórí wà nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yẹn dúró síta, kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní dín ọ̀fọ̀ wọn kù.

Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí Ìyá bá wà ní ìsọ̀. Bọ̀ọ̀dá ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ ọ̀pá, kẹ́ ẹ sì tú ìdì yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.