Àpò ọta aláwọ ti àwọn sójà Jámánì: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọwọ́ oníṣòwò kan tó ń ta ohun ogun àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, ní Ìlú Ọba, ni mo ti ra àpò ọta yìí. Ó kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ti Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Àpò náà dára, owó rẹ̀ kò sì gani lára, àmọ́ kì í ṣe ogun yẹn ló bá lọ.

Ojú mẹ́ta ló ní. Ojú kọ̀ọ̀kan gba ọta 10, márùn-ún márùn-ún lọ́nà méjì, fún K98k, ìbọn àwọn sójà Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àpò méjì ni sójà máa ń fi kọ́ bẹ́líìtì, ọ̀tún kan, òsì kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọta 60. Àpò ọta M1909 tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì gbé lọ sójú Ogun Kìíní fi ìlọ́po méjì jù ú lọ: ọta 20 ní ojú kan, 120 nínú àpò méjèèjì. Búráùn ni wọ́n sì ń ṣe é kí àṣẹ tó dé ní 1915 pé kí wọ́n máa kun ún ní dúdú. Tèmi yìí, dúdú ni látilẹ̀, ojú awọ rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rí wà. Orúkọ ilé iṣẹ́, ìlú àti ọdún 1938 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ kékeré oníẹyẹ idì ti Waffenamt, àwọn tó ń yẹ ohun èlò ogun wò. Ẹ fi ìka pa á: òǹtẹ̀ tòótọ́ ti bá awọ gbó, etí rẹ̀ ti rọ̀. Awọ gbígbó tó ní òǹtẹ̀ mímú bí àná, èmi kì í fọwọ́ kàn án. Bí Ogun Kejì ṣe ń le sí i, lẹ́tà mẹ́ta rọ́pò orúkọ ilé iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di nọ́ńbà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0/. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára àpò tí wọ́n ní 1938 ni wọ́n ṣe é, ẹ rọra dá owó yín padà sápò. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, òwú ni wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀. Àwọn ti ìgbẹ̀yìn ní ìṣó pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kí òwú wà. Òwú ni tèmi, kò sì tíì já níbì kankan.

Ohun tó bí mi nínú ni òróró. Wọ́n ti fi kun ún bí ẹni ń para ọmọ tuntun, kó lè dán nínú àwòrán. Awọ tó ti mu òróró yó máa ń rọ̀ jù, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ gbígbẹ nìkan ti tó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà nípa ọ̀rọ̀ ogun tó kọ síbẹ̀. Ìkejì àpò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tún àkọlé rẹ̀ ṣe, ó sì fowó lé e.