Ríílè £70 tó gba bátìrì ọkọ̀ ìgbòkun mi là

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò ní England rí. Westerly Centaur ni, ẹsẹ̀ bàtà 26, ọdún 1976 ni wọ́n ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Tí omi bá fà ní odò Blackwater, á dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹrẹ̀. Torí ìyẹn ni mo ṣe rà á. Ṣùgbọ́n mo fojú winá lórí ọ̀rọ̀ iná inú ẹ̀.

Bátìrì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún kíìkì ẹ́ńjìnì, èkejì, tó ń gba iná 110 ámpíà-wákàtí (Ah), fún gílóòbù, rédíò àti ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi. Mo lè fi ẹ́ńjìnì rìn fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Tí mo bá dákọ̀ró nírọ̀lẹ́, kó tó di aago mẹ́wàá, gílóòbù á ti máa ṣẹ́jú. Bátìrì méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá oníṣẹ́ kan létí odò yọjú sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní altanétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti ṣe iná fún bátìrì, ti darúgbó, kí n ra tuntun pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ (ohun tó ń díwọ̀n iná rẹ̀) ìgbàlódé, kí n lọ wá £650.

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi ní Mushin. Rìwáyà ni wọ́n, ara dáńfó ni wọ́n ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá. Mo na fóònù sínú ihò ẹ́ńjìnì kí wọ́n lè rí i. Wọ́n ní, "Ìwọ, ta ló ní kó o máa náwó? Gbé mítà sí i ná." Mo gbé e sẹ́yìn altanétọ̀: fóltì 14.1. Mo gbé e sórí bátìrì: 13.4.

"Ẹn-ẹ́n. Kí ló wà láàárín?"

Ohun tó wà láàárín ni irin alumíníọ̀mù kan tó ní eyín bí ìyarun, dáyóòdù tí wọ́n fi ń pín iná fún bátìrì méjì láyé ìgbà yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́, kì í jẹ́ kí bátìrì kan fa iná èkejì. Àmọ́ owó ibodè tó ń gbà ti pọ̀ jù: fóltì 0.7 ló ń yọ lára iná tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá. Rẹ́gúlétọ̀ inú altanétọ̀ mi àtijọ́ yìí, ẹ̀yìn ara ẹ̀ nìkan ló ń wò, kò mọ ohun tó dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Ó rí 14.1, ó gbà pé bátìrì ń yó, ó dẹwọ́. Bátìrì olójé tó ń jẹ 13.4 lójoojúmọ́ kì í kún tán. Nǹkan funfun kan á máa le mọ́ òjé inú ẹ̀, títí kò fi ní lè gba iná mọ́. Mo fọwọ́ kan dáyóòdù yẹn lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kíá ni mo fa ọwọ́ mi. Iná tó yẹ kó wọ bátìrì mi ló fi ń yáná!

Ríílè tí mo fi rọ́pò ẹ̀, súìṣì tó ń tan ara ẹ̀, tó sì ń pa ara ẹ̀, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. £70 ni, fíúùsì wà nínú ẹ̀. Mo tú orí négétíìfù bátìrì méjèèjì, mo gbé wáyà altanétọ̀ lọ tààrà sórí bátìrì kíìkì, mo wá fi ríílè sáàárín òun àti èkejì. Tí fóltì bá dé 13.4, ẹ ó gbọ́ "kọ́!", ó ti so wọ́n pọ̀. Tó bá wálẹ̀ dé 12.8, á já wọn. Mo tún gbé mítà sí i: 14.1 lórí ti kíìkì, 14.0 lórí èkejì.

Ẹjọ́ tí mo ní: ìwé ìlànà ẹ̀, lẹ́tà inú ẹ̀ dà bí èèrùn. Bóòtù ẹ̀ kúrú, orí wáyà nípọn méjì kò lè jókòó síbẹ̀. Kò sì sọ rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ di tuntun o. Ẹni tó jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ló fi ń jáde ní èbúté, tó sì pa ẹ́ńjìnì, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, torí díẹ̀díẹ̀ ni ìdá tó kù nínú bátìrì ń wọlé. Bátìrì lítíọ̀mù ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Gbogbo agbára tí altanétọ̀ àtijọ́ bá ní ló máa fà, títí yóò fi jóná.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo gílóòbù pupa inú páńẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń ta altanétọ̀ jí. Tó bá ti jó, altanétọ̀ lè má ṣáájì rárá. Súìṣì pupa róbótó tí a fi ń yan bátìrì, tí wọ́n kọ 1, 2, Both àti Off sí náà, ẹ má yí i sí Off nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Iná tí kò ríbi lọ á ba dáyóòdù inú altanétọ̀ jẹ́, ìgbà yẹn lẹ ó wá mọ̀ pé £650 kì í ṣe àwàdà.

Lóṣù Kẹjọ mo sun Pyefleet lẹ́yìn erékùṣù Mersea, gílóòbù tàn, rédíò ń ké. Láàárọ̀ 12.5 ló wà, ẹ́ńjìnì sì gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé ibo ni mo ju dáyóòdù yẹn sí, kí n yáa di í sínú ẹrù tó ń bọ̀ nílé, àwọn ti mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa fi sí.