Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà àtijọ́ n'Íkòròdú: ẹ ṣọ́ra fún gílóòbù "ó bá gbogbo ọ̀kadà mu"

Ẹ̀yin ará wa, àwọn kan ti tún gbé gbájúẹ̀ dé o. Wọ́n ń kó gílóòbù inú páálí kiri ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì láti Sábó dé Èbúté, wọ́n ní ojúlówó ni, pé kò sí ọ̀kadà tí kò bá mu. Irọ́ gbuu ni. Ẹ má rà á.

Iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Gílóòbù kan náà ló ń tan iná ẹ̀yìn àti bíréékì, wáyà tín-ín-rín méjì ló sì wà nínú rẹ̀: 5W fún iná ẹ̀yìn, 21W fún bíréékì (W ni ìwọ̀n agbára tí gílóòbù ń lò). Etí kéékèèké méjì tó wà lára ìdí irin rẹ̀ kì í dọ́gba. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í sí òdì. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti fi fáìlì rẹ́ ọ̀kan nínú etí náà kó lè wọ ibi gbogbo. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú: ibi tí wọ́n rẹ́ yẹn á máa dán, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá wọlé lódì, 21W lá máa tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn dé òpin, ooru rẹ̀ á sì yọ́ ike pupa tó bò ó. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bíréékì, 5W péré ló máa fi kún un. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lálẹ́ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kò ní mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró.

Ìkejì, wọ́n ń pa nọ́ńbà ara gílóòbù rẹ́, wọ́n á tẹ òmíràn lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àtijọ́ ló ń lo 6V (V ni fóltéèjì bátìrì). Ẹ ka ìdérí ibi tí wọ́n ń bu omi sí lórí bátìrì: mẹ́ta ni 6V, mẹ́fà ni 12V, torí 2V ni yàrá kọ̀ọ̀kan inú bátìrì ń mú wá. Gílóòbù 6V á jó lójú ẹsẹ̀ lórí 12V. Ti 12V lórí 6V á kàn máa pọ́n bí ẹnu sìgá. Ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ nu nọ́ńbà náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n tẹ̀ wọ inú irin kò ní kúrò. Ayédèrú ni èyí tó bá ṣí.

Wọ́n á tún sọ pé kí ẹ gba gílóòbù 60/55W (60W fún iná gíga, 55W fún ti ìsàlẹ̀) sí iwájú, pé ó mọ́lẹ̀ ju 35/35W lọ. Lórí 12V, 35W ń fa bíi 2.9A, 60W ń fa 5A (A ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kékeré àtijọ́ kò lágbára ìyẹn. Iná á ṣú, bátìrì ò ní gba agbára, hòlídà á sì yọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ò bá ti 35/35W dọ́gba, ni wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ kó lè wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá ti yẹ̀ báyìí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni iná á máa kọjú sí dípò ilẹ̀.

Tí iná iwájú tiyín bá ń gba agbára tààrà láti ara kọ́ìlì, ẹ má fi gílóòbù ẹ̀yìn tó ti kú sílẹ̀. Agbára tó yẹ kó lò á lọ bá ti iwájú, òun náà á jó. Ẹni tó ń tajà á ní ọ̀kadà yín ló bàjẹ́, á tún ta méjì fún yín. Tí gílóòbù tó péye bá sì ń jó léraléra, kí rìwáyà yẹ régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná wò kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.

Ti LED ńkọ́? Lórí tráfíkétọ̀ àtijọ́, kì í fa iná tó, torí náà ó lè má ṣẹ́jú rárá tàbí kó máa ṣẹ́jú kíákíá, àfi tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fláṣà, ìyẹn nǹkan tó ń mú un ṣẹ́jú.

Ẹ mú gílóòbù àtijọ́ yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kí wọ́n fi tuntun sórí bátìrì lójú yín, kí wáyà méjèèjì tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ̀ láti dán an wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ tú ìdérí iná ẹ̀yìn lónìí, kí ẹ wo etí méjèèjì.